Kẹ̀kẹ́ Gíga Lójú Ọ̀nà Lágere

Ó lé ní oṣù méje tí mo ti wà ní Ilé-Ifẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè mí ní orúkọ tí ìyá mi sọ mí. "Kútọnu" ni wọ́n ń pè mí. Kútọnu, gbé irin yẹn wá. Kútọnu, lọ wò ó bóyá iná ti dé. Bẹ́ẹ̀, n kò gbé Kútọnu rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo débẹ̀, ọjọ́ tí mo lọ ṣe káàdì ìdánimọ̀, ilẹ̀ ò sì ṣú mi síbẹ̀. Kétu tó wà lẹ́yìn ibodè, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni wọ́n bí mi sí. Kétu ni mo ti kọ́ṣẹ́ jórinjórin, ọdún mẹ́rin gbáko lábẹ́ ọ̀gá tí kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ fọwọ́ kan iná títí yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń fi fáìlì ha ojú irin mọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò ka Ifẹ̀ sí ìdálẹ̀ nígbà tí mò ń bọ̀. Láti kékeré ni àwọn àgbà ilé wa ti ń sọ fún wa pé Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti ṣí wá sí Kétu. Nígbà tí iṣẹ́ wá ṣòro nílé, tí mo gbọ́ pé wọ́n ń kọ́lé púpọ̀ ní Ifẹ̀ nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ṣe ló dà bíi pé ilé bàbá àgbà mi ni mò ń lọ. Mo rò pé bí mo bá ti sọ ibi tí mo ti wá, wọn yóò ní, "Áà, káàbọ̀, ó tó ọjọ́ mẹ́ta."

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo dúró níwájú obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ní Ilare, mo ní kó fún mi ní pẹ́ẹ̀ kan. Bí a ṣe ń pè é nílé nìyẹn, àwọn Faransé ló fi kọ́ wa.

"Kí ló ń jẹ́ pẹ́ẹ̀?" ni obìnrin náà bi mí.

Mo nàka sí i.

"Búrẹ́dì lò ń pè ní pẹ́ẹ̀? Ẹ gbà mí o!" Ó pe ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ kó wá gbọ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, nítorí ebi ń pa mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, kò sì sí ìkà nínú ẹ̀rín náà, èyí gan-an ló mú kó burú. Ẹni tó bá ṣe ọ́ níkà, o lè bá a jà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Bí mo bá fẹ́ ra nǹkan, màá nàka sí i. Ká ní Haúsá ni wọ́n ń sọ nílùú yẹn, ǹ bá gbà pé àlejò ni mí, ǹ bá sì jókòó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èdè mi ni wọ́n ń sọ, èdè mi náà ni wọ́n sì fi ń fi mí ṣẹ̀sín. Mò ń gbọ́ gbogbo nǹkan, n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Láṣisì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Ilare. Géètì àti irin ojú fèrèsé ni a ń ṣe. Yàrá kékeré tí wọ́n ń kó irin sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo ń sùn. Ọ̀gá Láṣisì kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tí ìyàwó rẹ̀ bá sè ni èmi náà ń jẹ, ṣùgbọ́n kò gbà pé mo mọṣẹ́. Bí oníbàárà bá wà níjòókòó, kò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan iná. "Ẹ̀yin ará Kútọnu, ọ̀dà lẹ mọ̀ ọ́n kùn," ni yóò wí, yóò sì gbé búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́. Bí oníbàárà bá ti lọ, á ní kí n wá jó èyí tó ṣòro níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì á mú àwọn èèyàn wò ó. "Ẹ wo ojú ibi tó ti pàdé," á máa sọ, "ẹ wo ọwọ́ mi." Èmi á wà nílẹ̀ níbẹ̀, tèmi ti ọ̀dà.

Nígbà ìjọba ológun ni. Epo mọ́tò wá di ọ̀wọ́n. Ẹni tó bá gbé ayé nígbà náà yóò rántí: àwọn ọkọ̀ á tò láti ilé epo ní Lágere títí ojú ò fi ní rí ìdí ẹ̀, takisí á wà lójú kan fún ọjọ́ méjì, àwọn ọlọ́kadà á jókòó sórí ọ̀kadà wọn tí kò lè lọ, wọ́n á máa fi àríyànjiyàn ṣe ohun tí wọ́n fi ń pa àkókò. Àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú dé òpin rẹ̀.

Ọ̀dà dúdú ni Ọ̀gá rán mi lọ rà ní Lágere lọ́jọ́ tí mo rí kẹ̀kẹ́ náà. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lórí àwọn mọ́tò. Bí mo ṣe rí i nìyẹn: láti ìbàdí rẹ̀ sókè ló hàn lókè òrùlé àwọn takisí, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà tó yọ láàárín ọkọ̀ méjì ni mo tó rí ohun tó gùn. Férémù kẹ̀kẹ́ méjì ni wọ́n gbé gun ara wọn, wọ́n jó wọn pọ̀. Táyà méjèèjì wà nísàlẹ̀ bó ṣe yẹ, ìjókòó àti háńdù wà lókè réré, ṣéènì gígùn kan tí wọ́n fi bíi ṣéènì méjì so pọ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ láti ibi ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Tíṣà Gogoro!" ni àwọn ọlọ́kadà ń ké. Ó ń juwọ́ sí wọn.

Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè ni, olùkọ́ jọ́gíráfì, ará Ìlódè. Ilé ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́ jìnnà sílé rẹ̀, epo sì ti gbẹ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ méjì tó ti bàjẹ́ ló wà nílé rẹ̀, ó sì sọ wọ́n di ọ̀kan, kó lè máa rí òkè àwọn mọ́tò tó dí ọ̀nà.

Inú mi dùn. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n ó dùn gan-an, bí kò ṣe dùn rí láti ìgbà tí mo ti dé. Lẹ́yìn náà ni ojú mi lọ síbi tí férémù méjèèjì ti pàdé. Ẹni tó jó o kò ha ọ̀dà ara irin kúrò. Irin tó yọ́ kàn jókòó sórí ọ̀dà bí àbẹ́là tó yọ́ sórí tábìlì. Lábẹ́ rẹ̀ mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ń dípẹtà. Ó ti ń là.

Tíṣà wá di òrùlé takisí kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mú láti sinmi.

"Ẹ kú ìrìn, sà," mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Irin yẹn ti ń là."

"Kí ló ní?" ó bi ọlọ́kadà kan tó wà níbẹ̀, tó ń jẹ́ Gàníyù.

"Ará Kútọnu tó ń kun ọ̀dà fún Láṣisì ni," ni Gàníyù wí. "Ó ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀ kí òun náà gùn ún wò!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná. Mo pariwo, ohùn ilé wa sì jáde pátápátá: "Mo ní ó máa já! Kò ní lo ọ̀sẹ̀ yìí parí!"

Gàníyù kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀," ló wí.

Tíṣà fúnra rẹ̀ kò bínú. "Èmi ni mo jó o o, ọ̀rẹ́," ló wí látòkè, ó ní kí ọlọ́kadà kan ti òun láti ẹ̀yìn, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta ni ó já. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan ni Tíṣà ṣubú lé, apá òsì rẹ̀ sì kán níbi méjì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọkọ̀ náà wà lórí ìlà epo, kò lọ kò bọ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, Gàníyù ti sọ ọ́ láti Lágere dé Ilare pé Kútọnu ló fi ẹnu ṣe Tíṣà ní jàǹbá. Ọkùnrin kan tí à ń ṣe géètì fún wá sọ́dọ̀ Ọ̀gá, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹlẹ́nu burúkú fọwọ́ kan ohun tí òun máa gbé síwájú ilé òun. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ń gbé tèmi sórí àga kan kí n mú un níbẹ̀, kí ọwọ́ wa má baà kanra.

Ọ̀gá pè mí. "Èmi ò sọ pé o ṣe nǹkan kan," ló wí. "Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ni mo fi ń jẹun. Wá ibòmíì lọ. Bó bá pẹ́ jù, Sátidé."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ń jórin. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń já irin?"

"Èmi mọ̀," ló wí. "Àwọn ńkọ́?"

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ti dá fún ìyá mi pé màá pè é. Kò tíì sí fóònù alágbèéká. Tẹlifóònù kan ṣoṣo tí ìyá mi lè dé ìdí ẹ̀ ni ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Kétu. Màá kọ lẹ́tà fi rán awakọ̀ tó ń lọ sí ibodè, màá dá ọjọ́ àti àkókò, ìyá mi á sì lọ jókòó síbẹ̀ dè mí. Lẹ́ẹ̀mejì tí a ti gbìyànjú rẹ̀, ariwo bí òjò lórí páànù nìkan ni mo gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, bí mo ṣe gbé tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ Ifẹ̀ sétí, ohùn rẹ̀ jáde ketekete, bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn ògiri.

"Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, ìyá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, mà."

"Ṣé àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ pé ọmọ wọn ni ọ́?"

"Wọ́n mọ̀."

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

"Orúkọ mi náà ni."

"Ohùn rẹ ti ń yí padà," ló wí. "O ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Nàìjíríà." Kí n tó dá a lóhùn, tẹlifóònù ti já.

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú tẹlifóònù létí títí ẹni tó kàn fi gbá mi léjìká. Níhìn-ín, ahọ́n mi jẹ́ ti Kútọnu. Ní Kétu, ìyá tó bí mi ò dá a mọ̀ mọ́. Ẹnu kan ṣoṣo ni mo ní, kò sì sí ibi tí wọ́n ti gbà pé tàwọn ni. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò padà sí Ilare. Mo kọjú sí Ìlódè, mo ń béèrè ilé Tíṣà Gogoro. Kì í ṣe àánú ló ń gbé mi lọ.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, wọ́n ti fi ìdì funfun líle tí wọ́n ń pè ní pí-ó-pì di apá rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó já náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ kú ìrora, sà."

"Ìwọ ni wọ́n ní o fi ẹnu ṣe mí léṣe."

"Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan hàn yín, sà." Mo gbé férémù tòkè wá síwájú rẹ̀, mo na ibi tó já sí i. "Ẹ fi èékánná ha á."

Ó ha á. Àwọ̀ búlúù bọ́ sí ìka rẹ̀. "Ọ̀dà nìyí," ló wí.

"Ọ̀dà ni. Ibi tó yẹ kí irin ti wọ inú irin ló wà. Ojoojúmọ́ tí ẹ gùn ún, orí ọ̀dà lẹ jókòó lé."

Ó wò ó títí. "Mo yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ aládùúgbò ni," ló wí. "Mo rò pé kí iná ṣáà ti máa ta pàrà ni." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìrora apá ò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín náà dópin. "Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Kétu."

"Kétu, lẹ́yìn ibodè? Mo máa ń fi han àwọn ọmọ lórí máàpù."

"Ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?"

"Rárá o."

"Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, sà. Ẹ ní kí wọ́n ta búrẹ́dì fún yín, kí ẹ wo bí wọn yóò ṣe fi yín rẹ́rìn-ín."

Kò mọ ohun tí mò ń sọ. Èmi náà ò ṣàlàyé. Mo dágbére fún un, mo lọ di ẹrù mi.

Láàárọ̀ Sátidé, báàgì mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo rí Tíṣà tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Ìlódè, pẹ̀lú apá tó gbé kọ́rùn, tí ọkùnrin kan ń fi ọmọlańkẹ́ ti férémù méjèèjì bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Gàníyù wà lódìkejì ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Gàníyù, wá," ni Tíṣà wí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń pe akẹ́kọ̀ọ́ síwájú pátákó. Gàníyù wá. Tíṣà nàka sí ibi tí irin ti já. "Kí lo rí níbí?"

"Ọ̀dà ni, sà."

"Ta ló fi síbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Èmi ni mo fi síbẹ̀. Àbí ṣé Kútọnu ló fi ẹnu kun ún?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń rín lọ́tẹ̀ yìí. Síbẹ̀ inú mi ò balẹ̀. Òun náà pè mí ní Kútọnu. Ó rin ìrìn gbogbo yẹn pẹ̀lú apá tó kán kó lè dá mi láre, kò sì rántí bi mí ní orúkọ.

Ó yíjú sí Ọ̀gá. "Láṣisì, ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ kó tún un ṣe. Níta níhìn-ín ni kó ti ṣe é, kí gbogbo ayé máa wò ó."

Ọ̀gá wo Tíṣà, ó wo èrò, ó ní kò burú. Mo gbé báàgì mi padà sínú yàrá.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà mí, nítorí iná ìjọba ń ṣe bó ṣe wù ú, kò sì sí epo tí a lè rọ sí jẹnẹrétọ̀. Ọjọ́ méjì wà níbẹ̀ tí mo kàn jókòó ti irin láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo ha gbogbo ọ̀dà kúrò, mo fi fáìlì fọ̀ ọ́ títí ojú irin fi ń dán. Mo wá gé páìpù kékeré, mo tì í sínú páìpù férémù tòkè àti tìsàlẹ̀, kí wọ́n lè di ara wọn mú nínú kí n tó jó wọn níta. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Ọ̀gá káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wò mí. Nígbà tó rí páìpù tí mo tì sínú, ó wọlé, ó mú fáìlì tirẹ̀ jáde, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnì kan fọwọ́ kàn, ó sì nà án sí mi.

"Kí lorúkọ rẹ gan-an?" ló bi mí.

Mo sọ ọ́ fún un. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣì í pè díẹ̀, n kò ṣàtúnṣe.

Nígbà tí apá Tíṣà san, ó tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, apá náà wọ́ díẹ̀ títí dòní. Káfíńtà kan wá ní kí n ṣe irú rẹ̀ fún òun, ọkùnrin kan tó ń ta ìwé ìròyìn náà sì wá. Pẹ̀lú ti Tíṣà, ó di mẹ́ta tí mo ṣe, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń rìn láàárín àwọn mọ́tò ní Ifẹ̀, àwọn èèyàn á sì dúró wò wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó ṣe wọ́n, Ọ̀gá á ní, "Àwa la ṣe é." Gàníyù kò fìgbà kan bẹ̀ mí. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láàárọ̀ ni, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí. Obìnrin oníbúrẹ́dì tún ń na búrẹ́dì sí mi lọ́wọ́. Mo gbà á, ṣùgbọ́n ó ń bí mi nínú bó ṣe rọrùn fún gbogbo wọn láti gbàgbé.

Mo wá ṣe ọ̀kan fún ara mi, láti ara àwọn férémù tó ṣẹ́ kù, mo sì gùn ún lọ sí Lágere lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìlà epo ṣì wà níbẹ̀. Láti òkè, mo rí àwọn awakọ̀ tó sùn sórí sítíárì, mo rí bàtà tí ẹnì kan sá sórí òrùlé takisí, mo rí àwọn páànù tó ti pọ́n títí lọ. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, kò sí ìgbà kankan rí tí gbogbo èèyàn ní láti gbójú sókè kí wọ́n tó lè bá mi sọ̀rọ̀.

"Ìwọ! Dúró ńbẹ̀!" Ọlọ́pàá kan ni. "Kí lò ń gùn yẹn? Nọ́ńbà ẹ̀ dà?"

Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kàn dúró. Mo di ẹ̀gbẹ́ lọ́rì kan mú. "Kẹ̀kẹ́ ni, sà. Kẹ̀kẹ́ kì í ní nọ́ńbà."

Ó gbọ́ ohùn mi, ojú rẹ̀ yí padà. "Níbo lo ti wá?"

Kí n tó lanu, Gàníyù ti dìde lórí ọ̀kadà rẹ̀. "Ọmọ Ilare ni, ọ̀gá! Ọmọ wa ni!"

"Ọmọ Ilare ni!" ni àwọn yòókù gbè é. "Ẹ fi í sílẹ̀!"

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ohun tí mo ti ń retí láti ọjọ́ tí mo ti dé nìyẹn, kí ẹnì kan dìde níta gbangba kó ní ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n ìbínú ló gùn mí. Wọ́n ti gbà mí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n gbà kì í ṣe èmi. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ mú ìlú mi kúrò lára mi kí n tó lè di tiwọn.

"Kétu ni mo ti wá, sà," mo wí.

"Kétu l'Ékòó?" ni ọlọ́pàá bi mí.

Gàníyù ń ṣẹ́jú sí mi: sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan péré, n ó sì máa lọ.

"Rárá, sà. Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ máa kọjá ibodè kí ẹ tó débẹ̀."

Gàníyù gbé ọwọ́ lérí. Ọlọ́pàá náà mú ìwé kékeré kan jáde lápò, ó ní kí n mú káàdì mi wá. Takisí kan wà láàárín wa; mo bẹ̀rẹ̀ títí, ó nawọ́ títí, ọwọ́ wa ò kanra. Gàníyù ló gbà á lọ́wọ́ mi fún un.

"Faransé ni wọ́n fi kọ eléyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Sípẹ́lì orúkọ ìlú ẹ."

Mo sípẹ́lì rẹ̀ bó ṣe wà nínú káàdì: K, E, T, O, U.

"Kí ni lẹ́tà O yẹn ń ṣe níbẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ wa nìyẹn, sà."

Ó kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀. Ó wo káàdì náà, ó wo ojú mi lókè, ó wo káàdì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dá a padà fún Gàníyù, ẹni tó nà án sí mi. "Máa lọ," ló wí.

N kò lè lọ. Ẹni tó bá ti dúró lórí kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dá gbéra, àfi kí ẹnì kan tì í láti ẹ̀yìn. Ó tún wò mí.

"Kí lo tún ń dúró ṣe?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo wí, "ẹ bá mi tì í."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fi ìwé rẹ̀ sápò, ó yí takisí náà po wá sẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ibi tí mo ti jó férémù náà pọ̀, ó sì tì mí.